Ẹ Má Dárúkọ Mi fún Sàláúdéènì

Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ aṣọ Bẹ́yẹrúnkà ti kógbá wọlé ni gbọ̀ngàn rẹ̀ ti ṣófo. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fọ́n ká: àwọn kan ń gun ọ̀kadà, àwọn kan ń ta bàtà l'Ọ́jà'ba. Ìgbà tó yá, yunifásítì kan n'Íbàdàn àti òmíràn lókè òkun pawọ́ pọ̀ láti sọ ibẹ̀ di ilé ìkọ́ṣẹ́. Wọ́n tún òrùlé ṣe, wọ́n tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe. Olùkọ́ ló kù.

Ṣakí ni Dókítà Fọláyẹmí, tí yunifásítì fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, ti rí Sàláúdéènì, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láṣọ híhun. Ó ní Bẹ́yẹrúnkà lòun ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí Fọláyẹmí ní kó padà wá, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀nà ibẹ̀ ti dí mọ́ mi, Dókítà."

Ni Fọláyẹmí bá wá Àtọ́kẹ́, ìyàwó tó gbọ́ pé Sàláúdéènì fi sílẹ̀, lọ sí Bẹ́yẹrúnkà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Àtọ́kẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọṣẹ fọ pèpéle sìmẹ́ńtì iwájú ilé tán, orí rẹ̀ náà ló fi àlejò jókòó sí. Àwọn ọmọ ilé ń gbá bọ́ọ̀lù yí wọn ká, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gun pèpéle náà.

Fọláyẹmí na fọ́tò Sàláúdéènì inú fóònù sí i. Ọwọ́ òsì ọkùnrin náà ni Àtọ́kẹ́ kọ́kọ́ wò, níbi tí ẹ̀rọ ti gé ìka kan.

"Yéè! Òun ni! Ó mà ti sanra o!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣé ó rẹ́ni máa se oúnjẹ fún un?"

Ojú ti Fọláyẹmí. "Màmá, ẹ má bínú. Ó ti fẹ́ ìyàwó níbẹ̀. Wọ́n ti bímọ."

"Alihamudulilahi," ni Àtọ́kẹ́ wí. Inú rẹ̀ dùn dénú.

"Ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́ kó padà wá, màmá."

Jìnnìjìnnì bá Àtọ́kẹ́. Ó di ọwọ́ Fọláyẹmí mú. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi fún un. Ẹ má sọ pé ẹ dé ibí. Bó bá fi lè mọ̀ pé a ti mọ ibi tóun wà, ó máa lọ. Ẹ jẹ́ n máa wò ó nínú fọ́tò báyìí, ó tó mi."

"Kí ló ṣe yín tó fi ń sá?"

"Sàláúdéènì? Kò ṣẹ̀ mí rí. Ẹ ṣáà fi ẹ̀sọ̀ ṣe é. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Fọláyẹmí gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó gbà pé ìtìjú ló ń lé ọkùnrin náà kiri, àti pé kò sí ohun tí ẹ̀bẹ̀ kò lè tún ṣe láàrin tọkọtaya. Ire ló rò pé òun ń ṣe.

Ní Jímọ̀ mìíràn, ó tún jókòó ti Àtọ́kẹ́ lórí pèpéle náà. Omi ọṣẹ kò tíì gbẹ lára rẹ̀. Ó pe Sàláúdéènì lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, ó sì yí i sí Àtọ́kẹ́ kó tó lè bojú.

"Bàbá, ẹ wo ẹni tó wà lọ́dọ̀ mi!"

Sàláúdéènì wò ó.

"Àtọ́kẹ́," ló pè é, jẹ́jẹ́.

Fóònù ọwọ́ Sàláúdéènì já bọ́. Òrùlé nìkan ló kù tí wọ́n ń rí, wọ́n sì ń gbọ́ ohùn àwọn ọ̀dọ́ tó ń ké pé, "Ọ̀gá! Ọ̀gá dà?"

"Ó ti sá," ni Fọláyẹmí wí. "Ẹ má sunkún, màmá. A máa wá a rí."

Àtọ́kẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé sìmẹ́ńtì tútù náà, ó ní: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí ọkọ mi, ọdún tí ilé-iṣẹ́ kógbá wọlé la ti sin ín síbẹ̀."