Irin Ẹsẹ̀ Naimat

Ọkùnrin tó ń fi iná mànàmáná bo irin ní síńkì ní Ṣàngó fa irin tí Naimat ọmọ rẹ̀ ń dè mọ́ ẹsẹ̀ rìn jáde nínú omi oníyọ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́. Irin náà dúdú bí ìdí ìkòkò.

“Ta ló da iyọ̀ ọbẹ̀ sómi mi?”

“Èmi ni o, Bàbá Naimat,” ni ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dáhùn. “SAP tí ìjọba gbé dé yìí ti sọ iyọ̀ pọtásíọ̀mù tí à ń lò di ọ̀wọ́n bíi góòlù. Iyọ̀ ṣáà niyọ̀!”

“Irọ́ ńlá! Irú iyọ̀ tó wà nínú omi ló ń sọ bí síńkì ṣe máa jókòó. Naimat lóun ò fi irin dúdú rìn mọ́, tí ibà yìí bá ti fi òun sílẹ̀.”

Ó fọ irin náà, ó tì í bọ omi mìíràn tó jẹ́ oní-pọtásíọ̀mù. Irin náà jáde, ó ń dán bíi dígí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

Ìyàwó rẹ̀ já wọlé láìwọ bàtà.

“Bàbá Naimat, ẹ máa bọ̀ nílé. Wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ tí wọ́n máa sin Naimat sí.”

Ọwọ́ ọkùnrin náà kò dúró. Ó ṣì ń nu irin náà.