Gíláàsì Tí Kì í Sọ̀ Kalẹ̀

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn ikú ọkọ rẹ̀ dé, opó náà wa mọ́tò olóògbé lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ iná mọ́tò.

"Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tí mo máa ń jókòó sí kì í sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀la la máa sìnkú, gbogbo àdúgbò á dúró sójú ọ̀nà. Mo gbọ́dọ̀ lè dá wọn lóhùn."

"Ṣé ó ti pẹ́ tó ti bàjẹ́, Màmá?"

"Ó ti pẹ́ gan-an. Bàbá, ọkọ mi, tú u títí. Èmi ni mò ń bá wọn tan tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní fíúsì ni, wọ́n tún ní wáyà ni."

Ọkùnrin náà yẹ fíúsì wò, kò jó. Ó tú ilẹ̀kùn, wáyà pé. Ó tọ wáyà náà dé abẹ́ ìjókòó awakọ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, súìṣì kan wà níbí o! Ẹni tó fi í síbí ló ń fi pa gíláàsì yín." Ó tẹ̀ ẹ́, ó wá tẹ bọ́tìnì gíláàsì. Gíláàsì sọ̀ kalẹ̀ wọ̀ọ̀. "Àbí ẹ máa ń kí èèyàn lójú ọ̀nà ni?"

"Gbogbo wọn ni! Mo máa ń béèrè ilé, ọmọ, àti ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. A kì í tètè dé ṣọ́ọ̀ṣì..." Ó la ẹnu sílẹ̀. "Háà! Bàbá yìí!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé kí n yọ ọ́?"

"Má yọ ọ́. Lọ́la, màá kí gbogbo wọn. Lónìí, ti Bàbá la máa ṣe."

Opó náà gbé gíláàsì gòkè, ó sì fi súìṣì náà pa á. Ó wakọ̀ gba àárín àdúgbò, ó pa ẹnu mọ́ pinpin, kò sì kí ẹnikẹ́ni títí ó fi délé.