Òdo Fún Ewúrẹ́ Keje

Àrìnpé so ọ̀já kan mọ́ orúnkún ewúrẹ́ keje tí wọ́n fi ń dán oògùn làkúrègbé wò, ó so ìkejì mọ́ tirẹ̀, kí ìrora ẹran náà lè gba inú ọ̀já wọ ara òun. Òfin ni: ẹni tó bá máa sọ bí oríkèé ẹran ṣe bàjẹ́ tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá a jẹ̀rora. Kò mọ nǹkan kan lára. Ó kọ òdo síwájú ìrora, bó ti ń kọ ọ́ láti ọdún kan. Ta ló máa mọ̀ pé láràárọ̀ ló ń gún orúnkún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ apàrora?

Ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Àrìnpé, mo ti lo oògùn yín tán, mi ò sì lè kúnlẹ̀ mọ́. Ṣebí o ní ara gbogbo ewúrẹ́ ló yá? Àbí tèmi ló burú ju ti ẹran lọ?"

"Ẹ má bínú, Màmá," ni Àrìnpé wí.

Ewúrẹ́ náà ká ẹsẹ̀ kan sókè, kò jẹ́ fi tẹ ilẹ̀.