Àpótí Fóònù Ẹnu Ọ̀nà

Kí Tèmídire tó wọ ilé etí òkun tí wọ́n pè é sí fún àríyá ni wọ́n ti gba fóònù rẹ̀. Obìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà jù ú sínú àpótí irin, ó ní òfin àríyá Ọ̀gá Fọláhànmí ni. Ọ̀gá yìí ló fẹ́ fowó sí áàpù tí Tèmídire fi ọdún mẹ́ta ṣe.

Kò pẹ́ tó wọlé tí ọ̀gá fi ní kó bọ́ra sílẹ̀, kó wá bá òun nínú omi ìwẹ̀.

“Ẹ má bínú sà, mi ò fẹ́.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹni tó bá ti wọlé ti gbà nìyẹn.”

Ara fu Tèmídire. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà. Àpótí náà ń kùn bí oyin inú igi.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, fóònù mi. Mò ń lọ sílé.”

Obìnrin náà ṣí àpótí. Fóònù kún un dẹ́nu, eruku bò wọ́n, gbogbo wọn ń dún. Orúkọ kan náà ló ń tàn lójú wọn: “Màmá mi.”

“Ta ló ni wọ́n mà?”

“Àwọn tí kò tíì jáde ni.”

Tèmídire rí tirẹ̀ lókè pátápátá. Òun náà ń dún. Eruku ti bò ó.