Mùlíkátù Wà Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Baseerah ń rọbí, wọ́n sì ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Àkọ́bí rẹ̀ ni. Oyún tó pẹ́ kó tó dé.

Mùlíkátù wà níta. Láti Ẹ̀pẹ́ ló ti wá bá a ní ọsibítù Ìtamaga yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dúró ti aboyún tó ń rọbí: á bá a fọwọ́ ra ẹ̀yìn, á máa bá a mí, á máa sọ fún un pé kò ní í kú.

Ìrora tún gbé Baseerah. Ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú bí ẹni tó fẹ́ fà á tu.

"Jọ̀ọ́, jẹ́ kó wọlé."

Nọ́ọ̀sì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú yàrá ò wojú rẹ̀. "Òfin ni, mà."

"Baseerah! Máa fẹnu mí! Mo wà ńbí o!"

Ó ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohùn ò lọ́wọ́ tí yóò fi ra ẹ̀yìn.

Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

"Ta ló tiẹ̀ ṣòfin burúkú yìí?" Mùlíkátù ń gbá ilẹ̀kùn. "Ṣé kò bímọ rí ni?"

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Baseerah. Baseerah gbójú kúrò.

Ìrora mìíràn dé, ó ké tòò. "Mo ní kó o ṣílẹ̀kùn!"

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, omi ti lé sí i lójú.

"Ẹ má bínú, mà. Ọjọ́ tí mo ṣí i fún ìyá tó bí aboyún kan, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ lé mi lọ sílé, Mátírọ́ọ̀nù?"