Lẹ́tà Ìyá láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe Iléyá. Tàíbátù na lẹ́tà kan sí Àlàájì Gàfárù nínú àgbàlá wọn ní àdúgbò Boukoki, nílẹ̀ òkèèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa ka lẹ́tà Ìyá."

Gàfárù ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Bó bá ti wá kí wọn lọ́dọọdún, òun ló ń ka lẹ́tà tí ìyá òun àti olóògbé bá kọ sétí gbogbo ilé, torí Tàíbátù kò lọ sílé-ìwé rí.

Ó ṣí i. Ó wúkọ́.

"Ìyá ní kí Zàlìhà pa ìwé tì. Ó ní kó bá mi lọ sílé lẹ́yìn Iléyá, ọkọ ti wà nílẹ̀."

Zàlìhà, ọmọ Tàíbátù, di àpò ìwé rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ẹ tún un kà, Ẹ̀gbọ́n," ni Tàíbátù wí.

Ó tún un kà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi àdúrà lé e.

Tàíbátù gba lẹ́tà náà. Ó ń fi ìka tọ ìlà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ó ń kà á sókè:

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú Zàlìhà kúrò nílé-ìwé."

"Ta ló kọ́ ọ níwèé?"

"Zàlìhà ni. Ìyá kọ́ ló sì kọ lẹ́tà yìí, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni."