Iná Tó Ń Ṣẹ́jú

Nùréènì tó ń tún iná ṣe nílé iṣẹ́ aṣọ wọn n'Íkẹjà tún ti pa iná orí máṣíìnì Sùlíyá.

Inú bí Sùlíyá dé góńgó. Ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ yàn!

"Nítorí pé iná ń ṣẹ́jú lásán? Láyé Sáàpù tí ìjọba gbé dé yìí, tí wọ́n ń lé èèyàn níṣẹ́ bí ẹní lé adìẹ! O fẹ́ kíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi ni?"

Nùréènì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kì í ṣe ààwẹ̀ ló gbé ẹ ṣubú lọ́jọ́sí. Irọ́ ni mo pa fún ọ̀gá. Wárápá ni. Iná tó ń ṣẹ́jú ló ń jí i."

"Irọ́! Tó bá jẹ́ wárápá ni, ta ló wá nu itọ́ ẹnu mi? Ta ní í fọwọ́ kan itọ́ oníwárápá?"

"Èmi ni, Sùlíyá. Ọwọ́ mi yìí ni."